Súẹ́tà Ìgbà Ọyẹ́: Bí A Ṣe Ń Wọ̀ Ọ́, Bí A Ṣe Ń Fọ̀ Ọ́, àti Ibi Tí A Ń Kó O Sí

Ní Ara níhìn-ín àti ní gbogbo agbègbè Èjìgbò, bí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ ni kálukú ń ṣí àpótí, tí a ń wá súẹ́tà tí ó ti sùn láti èṣí. Òmíràn á jáde, kòkòrò ti lu ú bí asẹ́. Òmíràn á jáde, ó ti sún kì, kò gba ìyá mọ́, kò sì gba ọmọ. Òmíràn á jáde tòun ti òórùn káńfọ̀ tí yóò gba gbogbo ilé kan. Nítorí èyí tí a dárúkọ kẹ́yìn yìí ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí, a ó sì dé ibẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dá ìwé kíkà dúró lágbedeméjì, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń retí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí súẹ́tà jẹ́. Àwọn ìyá ìyá wa mọ aṣọ híhun dáadáa. Lórí òfì, òwú kan dúró gbọnrangandan, òwú kejì ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ahunṣọ sì ń gbá a mọ́ra títí yóò fi ki. Ìdí nìyẹn tí aṣọ òkè kì í fi í nà. Súẹ́tà kò rí bẹ́ẹ̀. Òwú kan ṣoṣo ni, tí a fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì ta ní ojú ìhun, tí ojú kan ń kọ́ ojú kejì lọ́rùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Nítorí àwọn ojú wọ̀nyí ni ó ṣe ń nà tí ó sì ń padà. Afẹ́fẹ́ a máa dúró sínú wọn, afẹ́fẹ́ tí ó dúró jẹ́ẹ́ yìí gan-an ni ó sì ń mú ara móoru. Ṣùgbọ́n bí ojú kan bá já tí a kò tètè fi abẹ́rẹ́ dè é, ìyókù á máa tú tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ni a fi ń hun ún láyé àtijọ́, títí di 1589 tí William Lee, ará Calverton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣe ẹ̀rọ tí ń hun ún. Kádígàn ní tirẹ̀ gba orúkọ lọ́dọ̀ ìjòyè ológun kan, Earl of Cardigan, tí ó ṣáájú àwọn ẹlẹ́ṣin Gẹ̀ẹ́sì lọ sójú ìjà ní Balaclava ní 25 October 1854. Ìjà náà kò san wọ́n, aṣọ ni ó kù fún wa.

Ohun kejì tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ ni òwú tí a fi hun ún, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àwọn àgùntàn tí ń jẹ kiri ní àgbàlá wa kò ní irun tí a lè fi hun súẹ́tà. Irun kúkúrú bíi ti ewúrẹ́ ni tiwọn, nítorí ilẹ̀ wa gbóná. Irun àgùntàn tí a fi ń hun aṣọ, ilẹ̀ bíi Australia, New Zealand àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti ń wá, ó sì wọ́n. Èyí tí àwa ń pè ní wúlù lọ́jà, tí a fi ń hun súẹ́tà ọmọ, tí àwọn onídìrí sì fi ń di irun fún wa, ọ̀pọ̀ jùlọ rẹ̀ kò bá àgùntàn pàdé rí. Àkírílíìkì ni. Láti ara epo rọ̀bì ni a ti ń ṣe é, 1950 sì ni ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́pọ̀ fún títà. Kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀, ó lágbára, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń tọ́jú rẹ̀ bí irun àgùntàn ń ṣe wàhálà lásán, ẹni tí ó bá sì ń fọ irun àgùntàn bí àkírílíìkì yóò kábàámọ̀.

Báwo ni a ṣe lè dá wọn mọ̀ bí kò bá sí àkọlé lọ́rùn aṣọ? Ẹ fa fọ́nrán òwú kan láti inú ìrán, ní ibi tí kò hàn. Ẹ fi nǹkan onírin mú un, ẹ gbé e sí iná àbẹ́là lókè àwo tí omi wà nínú rẹ̀, kí ọmọdé má sì sí nítòsí. Irun àgùntàn á rùn bí ìgbà tí a ń wi ìyẹ́ adìyẹ lórí iná, eérú rẹ̀ á sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Òwú tí a gbìn á rùn bí bébà tí ń jó. Àkírílíìkì á yọ́, á sì dì ní kókó dúdú líle bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ kan án títí yóò fi tutù, nítorí ó ń lẹ̀ mọ́ ara. Àwọn aṣọ mìíràn jẹ́ àdàlù. Ẹ kà wọ́n sí irun àgùntàn, kí ẹ sì fọ̀ wọ́n pẹ̀lẹ́.

Ó kan ti wíwọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ka súẹ́tà sí ohun tí a kàn ń sọ sọ́rùn nítorí òtútù. Ẹ wo bí a ṣe ń bọ̀ wá sí ìpàdé àárọ̀ nínú oṣù kìíní: ìró tó dáa, gèlè tó dúró, súẹ́tà ọmọ iléèwé lórí bùbá. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, súẹ́tà náà sì wà lára aṣọ.

Bùbá ni ìṣòro wa, nítorí apá rẹ̀ fẹ̀. Bí a bá wọ súẹ́tà alápá gígùn lé e lórí, apá bùbá á ká jọ sínú rẹ̀, èjìká á wú, ènìyàn á dà bí ẹni tí ó fi ìrọ̀rí há abíyá. Ó sàn kí a wọ súẹ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò lápá sábẹ́ bùbá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i, kí a sì fi ìborùn sí èjìká. Bí ó bá di dandan kí súẹ́tà wà lókè, kádígàn ni kí a lò, kí a má sì de bọ́tìnnì rẹ̀. Etí rẹ̀ méjèèjì tí ó wálẹ̀ tààrà láti ọrùn á mú kí ẹni tí ó sanra rí gbọọrọ. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ kúrú, tàbí tí àyà rẹ̀ tóbi, kí ó wá èyí tí ọrùn rẹ̀ gé wálẹ̀ ṣóńṣó níwájú. Èyí tí ń ká ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀ kò yẹ ẹ́. Ẹni tí ó tín-ín-rín, tí ọrùn rẹ̀ sì gùn, òun ni ó ni súẹ́tà ọlọ́rùn gíga, òun náà ni ó ni èyí tí ìhun rẹ̀ nípọn tí ó ní ìlà ní ìbú.

Ibi tí súẹ́tà bá parí sí ni ojú àwọn ènìyàn máa ń dúró sí. Nítorí náà kí ó má ṣe parí sí ibi tí a kò fẹ́ kí wọ́n wò. Ẹni tí ìdí rẹ̀ fẹ̀, kí tirẹ̀ parí sí ìbàdí gẹ́lẹ́ níbi tí a ti so ìró, tàbí kí ó kọjá ìdí pátápátá. Ní ti àwọ̀, ẹ wo inú àǹkárá yín kí ẹ mú ọ̀kan lára àwọ̀ tí ó fara pamọ́ níbẹ̀, kì í ṣe èyí tí ó ń pariwo. Ìró olódòdó àti súẹ́tà olódòdó kò gbọdọ̀ wà lára ẹnìkan náà. Kí ó sì wọ̀ yín rẹ́gí: èyí tí ó fún ń fi gbogbo ìtẹ̀ ara hàn, èyí tí ó tóbi jù ń fi ènìyàn hàn bí ẹni tí ó yá aṣọ.

Púpọ̀ nínú súẹ́tà wa, òkìríkà ni. Ìlú Okrika ní ìpínlẹ̀ Rivers ni aṣọ àlòkù ti gba orúkọ yìí lọ́dọ̀ wa. Àwọn ará Èjìgbò tí ń ti Àbíjàn bọ̀ ń pe tiwọn ní yugu-yugu, àwọn tí ó sì ń gba Kútọnu kọjá mọ ọjà Missèbo dáadáa. Ìjọba Nàìjíríà kò fi àyè gba kíkó o wọlé, síbẹ̀ kò sí ọjà tí kò sí. Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ gbé e sókè sí oòrùn kí ẹ lè rí ihò kòkòrò. Ẹ fa ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí kò bá padà, ó ti kú nìyẹn. Ẹ gbóòórùn abíyá rẹ̀. Ẹ tún gbóòórùn gbogbo aṣọ náà bóyá ó ń rùn káńfọ̀, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ìfọṣọ ni iṣẹ́ ńlá. Ọ̀kan nínú wa ní súẹ́tà funfun kan nígbà kan, irun àgùntàn gidi, tí àbúrò ọkọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti London. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìn ìkórè, epo ta sí i. Nígbà tí ó délé, ó gbé omi kaná, ó da ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú sí i, ó fi bílíìṣì kún un, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo súẹ́tà náà bí ẹní ń fọ aṣọ oko. Ohun tí ó gbé jáde nínú bàsíà kò ju ti ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, ó le bí ìtẹ́lẹ̀ bàtà, ibi tí bílíìṣì ti dúró sí ti pọ́n, ó sì ń já ní ọwọ́. Ó sọ pé òun jókòó tì í, òun kò lè sọkún, òun kò lè rẹ́rìn-ín.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Irun ni irun àgùntàn, ó ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ lára bíi ti ẹja, tí ojú kò lè rí. Nínú omi gbígbóná, àwọn ìpẹ́ náà á ṣí. Bí a bá wá ń fi ọwọ́ ra á, ìpẹ́ ti ọ̀kan á kọ́ ti èkejì, wọn ó máa fa ara wọn súnmọ́ra, wọn kò sì ní jọ̀wọ́ ara wọn mọ́. Ó ti di dàdá nìyẹn, a sì mọ̀ pé a kì í ya dàdá. Ní ti bílíìṣì, ó ń jẹ irun àgùntàn run ni. Bí a bá fi í sínú rẹ̀ kí ó pẹ́, yóò yọ́ dànù pátápátá. Àkírílíìkì kì í di dàdá, ṣùgbọ́n òun náà kórìíra ooru. Omi gbígbóná á mú un nà rọ̀dọ̀rọ̀dọ̀, áyọ́ọ̀nù á sì tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, á máa dán, kò sì ní padà sí bí ó ti wà.

Nítorí náà, omi tútù tàbí èyí tí ó lọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ ni kí ẹ lò. Ọṣẹ ìfọrun inú ìgò tí a fi ń fọ orí dára fún irun àgùntàn, torí irun náà ni òun. Ọṣẹ dúdú wa dára fún ara, ṣùgbọ́n eérú tí a fi sè é le jù fún un. Ẹ po ọṣẹ náà mọ́ omi kí ẹ tó fi aṣọ sí i. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi, ẹ máa rọra tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má ra á. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ki ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ń gbé ọmọ tuntun nínú omi ìwẹ̀, nítorí omi tí ó gbé wúwo púpọ̀, bí ẹ bá sì fi èjìká fà á sókè, ìwọ̀n rẹ̀ á fa apá rẹ̀ gùn. Omi tí ẹ ó fi ṣàn án kò gbọdọ̀ gbóná tàbí kí ó tutù ju ti àkọ́kọ́ lọ.

A kì í fún súẹ́tà. Ẹ tẹ omi ara rẹ̀ dànù, ẹ tẹ́ ẹ sórí tówẹ̀lì gbígbẹ, ẹ ká a pọ̀ bí ẹní, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ lórí. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ẹní nínú ibòji, ẹ fi ọwọ́ tò ó sí bí ó ti yẹ kí ó gùn kí ó sì fẹ̀. A kì í sá a kọ́ okùn, a kì í sì í fi í kọ́ háńgà, torí èjìká rẹ̀ á yọ ìwo. Oòrùn tó le a máa mú irun àgùntàn funfun pọ́n. Ẹ fi àǹkárá àtijọ́ tó fẹ́lẹ́ bò ó nítorí eruku. Àǹfààní ọyẹ́ ni pé aṣọ tí a bá tẹ́ ní òwúrọ̀ lè gbẹ kí ó tó di alẹ́.

Ẹ má ṣe máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Kànga ń lọ sílẹ̀ ní àkókò yìí, súẹ́tà kò sì nílò rẹ̀. Bí a bá wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tàbí bùbá sábẹ́ rẹ̀, òógùn kò ní dé ara rẹ̀. Kí a gbọ̀n ọ́n, kí a tẹ́ ẹ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ fún wákàtí díẹ̀, ó tó. Bí epo bá ta sí i, ẹ má fi omi kàn án lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ da ìyẹ̀fun àgbàdo tàbí ti gbágùúdá lé e, kí ó fa epo náà fún wákàtí kan, ẹ gbọ̀n ọ́n dànù, kí ẹ tó fi ọṣẹ olómi kékeré kàn án. Bí ó bá jẹ́ wàrà tí ọmọ pọ̀, omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣàn án, nítorí omi gbígbóná á se é mọ́ ara aṣọ. Kókó wẹ́wẹ́ tí ń yọ ní abíyá, òòyà eléyín wẹ́wẹ́ lè kó o kúrò.

A ti dé ibi tí a ń lọ. Kòkòrò tí ń jẹ súẹ́tà kì í ṣe àfòpiná tí ń wá iná. Ìbátan rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ni òun ń sá fún. Èyí tí ń fò kò jẹ nǹkan kan. Ó ń yé ẹyin sínú aṣọ nínú òkùnkùn àpótí, ìdin tí ó jáde nínú ẹyin náà ni ó ń jẹun. Irun, ìyẹ́ àti awọ ẹran ni oúnjẹ rẹ̀, ó sì fẹ́ràn ibi tí òógùn tàbí ọbẹ̀ ti kán sí. Nítorí rẹ̀ ni àwa fi ń ju káńfọ̀ sínú àpótí, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní káfúrà. Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí kò rí nǹkan jẹ lára àkírílíìkì tí ó mọ́. Súẹ́tà ọmọ tí a ń hun níhìn-ín, àkírílíìkì sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Káńfọ̀ tí a ń kó sínú àpótí aṣọ ọmọ kò gba aṣọ náà lọ́wọ́ ohunkóhun.

Ohun tí ó ń ṣe nìyí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa fún wa láyè kí a sọ ọ́ láìdárúkọ òun. Ó hun súẹ́tà, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ ewé fún àkọ́bí ọmọ rẹ̀ obìnrin. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà jù ú, ó fọ̀ ọ́, ó ká a, ó fi káńfọ̀ mẹ́rin sí i, ó sì tì í mọ́ àpótí. Ọdún mẹ́fà ni ó wà níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tún bí ọkùnrin nínú oṣù kìíní, ọyẹ́ mú gan-an ní ọdún náà, ìyá àgbà sì tú àpótí pẹ̀lú ìdùnnú. Ó gbọn aṣọ náà, ó sì fi wọ ọmọ ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹyinjú ọmọ pọ́n bí ìyeyè. Àwọn aládùúgbò ní kí wọ́n máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀, tòun ti súẹ́tà lọ́rùn rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà kò mu ọmú mọ́, igbe rẹ̀ sì yí padà, ó ń han gooro. Òru ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Òṣogbo. Wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, wọ́n sì pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó gba ọmọ lọ́wọ́ wọn gbé súẹ́tà náà sí imú, ó sì béèrè pé, "Mama, inú kí ni ẹ kó aṣọ yìí sí?" Ọmọ náà yè. Ó ti wà ní iléèwé báyìí, ó gbọ́n, ó máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a bá pè é láti ẹ̀yìn, kò gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Káńfọ̀ inú àpótí kì í yọ́ sí omi; ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ ni, aṣọ á sì fà á mu. Bí ọmọ bá wọ aṣọ náà, á fà á símú, á sì tún gba awọ ara rẹ̀ wọlé. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD, tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa lọ́wọ́ irú májèlé bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí tiwọn kò tó láti inú ìyá. Láàárín wa Yorùbá, nínú ọmọkùnrin márùn-ún, a fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ọ̀kan. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àìsàn ìtìjú; ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ tí ibà ẹ̀fọn pọ̀ sí, nítorí ó ń ran àwọn tí ó ní i lọ́wọ́ díẹ̀ láti kojú ibà náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ rárá títí ohun kan bíi káńfọ̀ yóò fi kàn wọ́n. Nígbà náà ẹ̀jẹ̀ pupa wọn á máa fọ́, ohun pípọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ á tú jáde, ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò sì tíì lágbára láti kó o dànù. Bí ó bá pọ̀ jù, á wọ ọpọlọ. Òmíràn á kú, òmíràn á di aditì, òmíràn kò ní lè jókòó tàbí rìn bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960 ni àwọn dókítà ní UCH, Ìbàdàn, ti ń kọ̀wé lórí àìtó G6PD àti ara pípọ́n ọmọ tuntun ní ilẹ̀ wa, síbẹ̀ káńfọ̀ kò tíì kúrò nínú àpótí wa.

Nítorí náà, káńfọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí aṣọ ọmọ, ì báà ṣe ẹyọ kan. Kó má sì sí nínú yàrá tí ọmọ tuntun ń sùn, tàbí nínú aṣọ tí ìyá rẹ̀ fi ń pọ̀n ọ́n. Ìyá àgbà tí ó ń bọ̀ wá wẹ ọmọ, kí ó má ṣe wọ aṣọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú káńfọ̀. Àwọn dókítà tún ń kìlọ̀ pé kí a má fi ìpara tàbí pańdà tí ó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù ra ọmọ tuntun lára. Súẹ́tà òkìríkà tí ó ń rùn káńfọ̀, ẹ má rà á fún ọmọ bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó.

Bí ara ọmọ bá pọ́n láàárín ọjọ́ kìíní tí a bí i, tàbí bí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n, tí kò mu ọmú dáadáa, tí ó ń sùn ju bó ti yẹ, tí igbe rẹ̀ han tàbí tí ó ń na ẹ̀yìn bí ọrun, ẹ má dúró de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an. Oòrùn àárọ̀ kò tó o, omi ewé ìbẹ́pẹ kò tó o, omi glukóòsì kò tó o. Nínú ọmọ tí ó dúdú, ẹ wo ẹyinjú, kí ẹ sì fi ìka tẹ erìgì tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Ibi tí ẹ tẹ̀ á fi àwọ̀ tòótọ́ hàn. Kí ẹ sì sọ fún dókítà bí káńfọ̀ bá ti kan aṣọ ọmọ. Kò sí ẹni tí yóò dá yín lẹ́jọ́.

Báwo wá ni a ó ṣe tọ́jú súẹ́tà láìsí káńfọ̀? Ẹ fọ̀ ọ́ kí ó mọ́ tónítóní kí ẹ tó kó o pamọ́, nítorí ìdọ̀tí ni ó ń pe kòkòrò àti aáyán. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dé ìran. Ẹ ká a, ẹ má gbé e kọ́. Ẹ kó o sínú agolo bisikíìtì tí ó ní ìdérí tàbí nínú ọ̀rá tí kò ní ihò, ẹ dè é pinpin. Ní oṣù méjì méjì, ẹ tú u síta, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ nu igun àpótí. Irun àgùntàn ti àgbàlagbà náà kò nílò ju èyí lọ.

A fẹ́ fi ọ̀rọ̀ méjì kún un nípa ọmọ àti súẹ́tà. Ẹ yí ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ síta kí ẹ tó fi wọ̀ ọ́, kí ẹ gé gbogbo òwú tí ó bá ń fì nínú rẹ̀, nítorí fọ́nrán kan lè yí ìka ọmọ ká kí ó sì dí ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Kí ẹ sì bọ́ súẹ́tà nígbà tí oòrùn bá ti là. Ọyẹ́ ilẹ̀ wa, òwúrọ̀ àti alẹ́ ni ó ń mú, ọ̀sán gbóná. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn ọmọ; bí ó bá ti ń làágùn, súẹ́tà ti pọ̀ jù fún un, ara gbígbóná tí ẹ rò pé ibà ni lè jẹ́ ti aṣọ.

Ẹni tí ó bá ní súẹ́tà ọmọ tí ó ti bá káńfọ̀ gbé nínú àpótí, kí ó má fi wọ ọmọ tuntun kankan. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tẹ́ ẹ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Bí òórùn náà bá ṣì wà lára rẹ̀, ẹ tú u, kí ẹ fi òwú rẹ̀ hun nǹkan mìíràn tí kì í ṣe ti ọmọ. Ní ìpàdé wa tí ó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú súẹ́tà kan, tówẹ̀lì kan àti ẹní kékeré kan wá. A ó jọ fọ̀ ọ́ ní àgbàlá ilé ìjọsìn. Ìyá tí a sọ ìtàn rẹ̀ ti ní òun yóò wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń ta ojú ìhun, òun yóò sì mú òwú aláwọ̀ ewé wá.